Táyà Tuntun ní Sábó

Mo gbé jíìpù mi dé ìsọ̀ Òjéwálé ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́,
eruku ọ̀nà Ọ̀yọ́ ṣì wà lára rẹ̀ bí àtíkè.
Mo ní, "Yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí kéré sí ara rẹ̀,
ó dà bí alágbára tó wọ bàtà ọmọ ilé-ìwé."

Òjéwálé kò dáhùn. Ó fi ọwọ́ tó dúdú fún gíríìsì
wọn àlàfo tó wà láàárín rọ́bà àti mọ́gáàdì:
ìka mẹ́ta, ó ku díẹ̀.
Lẹ́yìn náà ló yí méjì jáde nínú ṣọ́ọ̀bù.

Èkíní, méjìlélógún, ń kọ mànà bí dígí;
mo rí eyín ara mi nínú rẹ̀.
Rọ́bà tó yí i ká tín-ín-rín bí ètè ahun.
"Èyí," ó ní, "ọkọ ìyàwó ni. Kòtò kan ṣoṣo
lẹ́yìn afárá, á ká kò bí ìwé ìròyìn."

Èkejì, méjìdínlógún, dúdú, kò lẹ́wà rárá,
ṣùgbọ́n rọ́bà rẹ̀ ki bí ọrùn akọ màlúù.
"Èyí á jẹ òkúta, á tu ú dànù.
Àmọ́ gbọ́ o: bí táyà bá ti ga ju ti àtilẹ̀wá lọ,
aago iwájú rẹ á máa purọ́.
Á ní ọgọ́rùn-ún lo wà, o ti kọjá ibẹ̀.
Epo nìkan ni kò ní tàn ọ́."

Ojú mi wà lára dígí.
Mo jẹ́wọ́: mo ń ro bí Oyètòrò aládùúgbò mi
yóò ṣe yọrí lójú fèrèsé.

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ra orúnkún:
"Àlàó, bí o bá gbé e ga tán,
ṣé àkàbà lo ó máa gbé kiri fún mi,
àbí wàá máa jù mí sókè bí àpò èlùbọ́?"

A dákẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Dúdú la dè.
Mo gùn ún, mo rí òrùlé ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn,
ìpẹtà lórí ọ̀kan, ìgbẹ́ ẹyẹ lórí ọ̀kan.
Ìyá mi wà nísàlẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú,
ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.
Òjéwálé bá yí ọ̀kan nínú àwọn táyà àtijọ́ wá,
ó dá a dùbúlẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò.
Ìyá mi gorí rẹ̀, ó wọlé, ó tún gèlè ṣe.

Ó wà nínú bùútù títí di òní.
Ibikíbi tí a bá dé, mo ń sáré lọ gbé e,
èmi ọlọ́kọ̀ ńlá,
táyà àtijọ́ láyà, eruku lára ẹ̀wù funfun.