Òdo àti Òwú

Iná mànàmáná kò tíì dé àdúgbò wa ní Ìsánlú,
Kwara ni a ṣì ń kọ sára lẹ́tà,
nígbà tí Tíṣà Jóṣì, ará Íńdíà tó ń kọ́ wa ní ìṣirò,
lọ bá Ìyá Ayédọgbọ́n ní ẹbu ìkòkò,
ó ní kó bá òun mọ ogójì àwo,
kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.
"Ta lo fẹ́ fi bọ́? Eku ilé ni, àbí ẹyẹ?"
Tíṣà rẹ́rìn-ín. Yorùbá rẹ̀ kò tó ìbéèrè náà.

Ó wá sílé wa nítorí òwú.
Ìyá àgbà mi wà nídìí òfì,
obìnrin tó ń fi ìran òwú ka ọdún tí ọmọ rẹ̀ ti lọ:
bàbá mi, tó wọkọ̀ lọ sí Jọ́ọ̀s lọ wa kùsà,
ọdún mọ́kànlá, kò sí lẹ́tà,
àfi ẹnìkan tó ní òun rí ẹnìkan tó jọ ọ́ ní Búkúrù.
"Òkun o, Tíṣà." Ó ya òwú fún un, kò gba kọ́bọ̀.

Alẹ́ tí oṣù kò sí lójú ọ̀run rárá ni.
Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í họ ètè,
àwọn òkè yí wa ká bí ẹran tó sùn.
Sùmítírà, aya Tíṣà, ti gbálé láti ìdájí,
ó fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya òdòdó sẹ́nu ọ̀nà
(adìẹ Kátíkísì ti jẹ apá kan kílẹ̀ tó ṣú).
Ó ṣílẹ̀kùn gbayawu:
Lákíṣímì, ìyá ọlà, ń rìn kiri lóru yìí, ó ní,
kì í wọ ilé tó dọ̀tí, kì í sì í kanlẹ̀kùn.

A da òróró ẹ̀pà sáwo, a ki òwú bọ̀ ọ́, a ṣáná.
Ogójì ojú là lórí ògiri.

Tíṣà ń sọ̀tàn, èmi ń túmọ̀, mo sì ń fi tèmi kún un:
Rámà, ọmọ ọba tí orogún ìyá rẹ̀ lé
wọ igbó fún ọdún mẹ́rìnlá;
tí ọba olórí mẹ́wàá jí aya rẹ̀ gbé,
tí òun àti ọ̀wọ́ ọ̀bọ fi òkúta ṣe afárá lórí òkun lọ gbà á.
Alẹ́ tó ń bọ̀ wálé, oṣù kò sí.
Ni ará ìlú bá gbé fìtílà sẹ́nu ọ̀nà, ilé dé ilé,
kí ẹsẹ̀ tó ti gbàgbé ọ̀nà lè rántí.

"Ṣé iná náà ló mú un bọ̀?"
Ohùn ìyá àgbà mi. A kò mọ̀ pé ó ti tẹ̀ lé wa.

Tíṣà dákẹ́ pẹ́. Ó fi ìka kọ òdo sínú eruku.
"Òkùnkùn nìyí, Ìyá. Kì í ṣe ọ̀tá.
Ẹ kó o jọ bí òkè, òfo náà ni."
Ó fa ìlà kan ṣoṣo síwájú rẹ̀, tín-ín-rín bí òwú.
"Ó ti di mẹ́wàá.
Àwo ni òdo. Òwú ni oókan.
N kò mọ̀ bóyá iná ń mú èèyàn bọ̀.
Mo mọ̀ pé ilé tó tanná kò tíì gbà pé ó tán."

Ìyá àgbà gbé àwo kan, ó fi ìbòrí rẹ̀ ṣíji bò ó,
ó lọ sílé láì dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Alaalẹ́ ló ń tàn án. Òróró tán, ó fi òrí sí i.
Ìjọba kò sanwó oṣù mọ́, àwọn Jóṣì padà sílé wọn.
Àfòpiná nìkan ló ń jẹ́ ìpè.

Bàbá mi dé ní ọ̀sán gangan, nínú òjò,
ọdún kẹtàlá, kò tilẹ̀ pé mẹ́rìnlá.
Ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò, kò wolẹ̀:
ó tẹ fìtílà náà, ó fọ́.
"Òkun o," ni ìyá àgbà wí, bí ẹni pé oko ló ti ń bọ̀,
ó sì wọlé lọ wá oúnjẹ.

Èmi ni mo ṣa àpáàdì.
Èyí tó tóbi jù wà lórí tábìlì mi,
òdo tí apá kan rẹ̀ ṣí sílẹ̀,
dúdú níbi tí òwú máa ń sùn sí.