Ohun Tó Wà Lókè Lẹ́tà

Lẹ́yìn iṣẹ́, ní Òpópónà Bróòdù, àjà kẹta,
nígbà tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ amúlétutù,
mo tún ṣí ímeèlì Fọlárànmí.
"Ẹ̀gbọ́n mi, òtútù Tòróńtò yìí ò ṣe é fẹnu sọ.
Yìnyín ti bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ bá mi kí Màámi.
Ẹ ní mò ń jẹun dáadáa."

Mi ò wá irọ́ o. Ẹ má rò pé mò ń ṣọ́ ọ.
Fọ́tò tó ní òun fi ránṣẹ́ ni kò ṣí,
ni mo bá tẹ ibi tí a kì í tẹ̀,
àwọn ìlà wínníwínní tó ń sùn lókè lẹ́tà sì jí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ímeèlì ránṣẹ́, ṣé ẹ mọ̀?
Ońṣẹ́ yín kì í nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé.
Gbogbo ilé tó yà ló ń kọ sára,
sáfà tó gbà á, sáfà tó tì í síwájú,
aago tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.
Nísàlẹ̀ pátápátá, bí ilà ojú tí àtíkè ò lè bò,
nọ́mbà ibi tí o jókòó sí nígbà tí ò ń tẹ̀ ẹ́.
Kò bi ọ́. Ó kàn kọ ọ́ ni.

Mo wá nọ́mbà náà lọ.
Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ṣómólú ló ni ín,
níbi tí wọ́n ti ń tẹ kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ìsìnkú.
Kí n gba orí afárá, ilẹ̀ ò ní tíì ṣú tí màá fi débẹ̀.

Ọdún méjì àbọ̀ ni yìnyín ti ń rọ̀ ní Ṣómólú.
Ọdún méjì àbọ̀ tí Màámi ń hun súwẹ́tà
nínú ooru Láfíàjì, tí òógùn ń kán sórí òwú.

Wọ́n ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.
Wọn ò sọ bí yóò ti rí
tó bá jẹ́ àbúrò ẹni ló dà á,
tí eérú ọ̀hún sì ni gbogbo ohun tó kù
nínú owó ilẹ̀ wa ní Ìjẹ̀dẹ̀.

Mo fèsì:
"Súwẹ́tà ti parí. Apá kan gùn ju èkejì lọ.
Ṣé kí n fi ránṣẹ́, àbí wàá wá gbà á?"

Mi ò fi nǹkan kan kún un.
Bó bá mọ ibi tí a ń tẹ̀,
yóò rí i lókè lẹ́tà tèmi náà,
bí mo ti jókòó nítòsí tó.