Ọgọ́jọ Àtẹ̀gùn

Ní Valparaíso, ìlú tó fara ti òkè, tó kọjú sí òkun,
ọgọ́jọ àtẹ̀gùn ló wà láti èbúté dé ẹnu ọ̀nà wa.
Mo mọ iye rẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló kà á:
gáàsì ni mò ń pọ̀n, sìlíńdà kan lẹ́ẹ̀kan,
ìgbà mọ́kànlá lójúmọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, kí kùrukùru tó ká kúrò lójú omi,
mo bá obìnrin kan lókè pátápátá,
ó wọ ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ìyeyè,
ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà lófuurufú,
kò tíì balẹ̀.
Mo kí i. Kò dáhùn.
Mo gbé gáàsì dé ilé Doña Eduvigis, mo gbowó, mo padà,
ìka ẹsẹ̀ ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan òkúta.

Wọ́n ní Ilse Marambio lorúkọ rẹ̀,
wọ́n ní iṣẹ́ ọnà ni,
pé àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni yóò fi sọ̀ kalẹ̀ dé èbúté.
Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló ń sanwó oṣù fún ìgbín?

Nígbà tó fi máa di ìyálẹ̀ta, èrò ti pé.
Àwọn ọmọdé kọ́kọ́ ń ṣe bíi tirẹ̀,
ó sú wọn kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹta.
Ọkùnrin kan láti báǹkì ń wo aago,
ó ń wo obìnrin, ó tún ń wo aago,
bí ẹni tí ayé jẹ ní gbèsè ìṣẹ́jú.
Ajá kan wá sùn síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa dé.
Kẹ́kẹ́ pa mọ́ àgbà àtèwe lẹ́nu nítorí ajá,
títí ó fi jí fúnra rẹ̀, tó na ara, tó lọ.
Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Doña Eduvigis gbé àga síta.
Ọkọ rẹ̀ gba ibí yìí sọ̀ kalẹ̀ lọ́dún tí wọ́n bí àbígbẹ̀yìn wọn,
ó wọkọ̀ apẹja, kò padà.
"Mò ń fọ àwo lọ́wọ́," ló sọ fún mi.
"Kí n tó nu ọwọ́, ó ti yà ní kọ̀rọ̀."
Ó tẹjú mọ́ ẹ̀yìn aláwọ̀ ìyeyè náà
bí ẹni pé wọ́n ń dá ìṣẹ́jú méjì kan padà fún un
ní ẹyọ ẹyọ.
Kò sunkún. Ó ń jẹ búrẹ́dì.

Èmi ńkọ́? Lórí ẹrù keje ni mo rí ewéko kan
láàárín òkúta méjì, òdòdó rẹ̀ funfun,
kò tóbi ju èékánná lọ.
Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
Mo dúró wò ó. Sìlíńdà ń wúwo sí i.
Ẹni tó dúró tẹrùtẹrù ló mọ bí wákàtí ṣe ga tó.

Ó ku àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án nígbà tí òòrùn wọ̀.
Kò sáré. Àwọn tó kù nídìí àtẹ̀gùn kò ju mẹ́fà lọ,
iná èbúté tàn sí wọn lára.
Ẹrù mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀ tí n kò tíì gbé,
ọ̀gá mi ń lọgun nísàlẹ̀: "Nibaldo! Nibaldo!"
Mo ní mò ń bọ̀.
Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè,
mo yà á fún òdòdó náà.