Ìgèrè Kọkànlélógójì

Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ ṣí fìlà yẹn kúrò lórí.
Àga yìí kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi, kò ní dà yín nù.
Mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ ti ń fi ọtí líle tan eyín yẹn jẹ,
mo mọ̀ pé ẹ ti mú ẹ̀mú jáde nínú àpótí irinṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì,
tí ẹ sì dá a padà.
Òkè yìnyín kan ń yọ́ rìn kọjá lójú fèrèsé,
ó funfun ju eyín ẹnikẹ́ni lọ ní Twillingate.

Èmi ni nọ́ọ̀sì níhìn-ín, ẹ gbàgbé pé ẹ bí mi.

Ìbòmú kékeré nìyí, imú nìkan ló ń bò.
Òórùn rẹ̀ dà bíi ti súìtì tí wọ́n gbàgbé sápò ẹ̀wù òtútù.
Imú ni kẹ́ ẹ fi mí, kì í ṣe ẹnu.
Kì í ṣe oorun. Ẹ ó máa gbọ́ wa, ẹ ó máa dá wa lóhùn,
àmọ́ ohùn wa yóò jìnnà bí ti ẹni tó wà ní òdìkejì èbúté
lọ́jọ́ tí kùrukùru bolẹ̀.
Ìka ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa rìn yín wìnnìwìnnì,
lẹ́yìn náà ọwọ́, lẹ́yìn náà ètè,
ara á wá móoru bí ẹni tó fẹ̀yìn sún mọ́ ààrò.
Abẹ́rẹ́ ṣì ń bọ̀, mi ò ní purọ́,
ṣùgbọ́n yóò dà bíi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíì ni wọ́n ń gún.
Bí inú bá ń rú yín, ẹ nawọ́ òsì sókè.
Ẹ̀rín? Àwọn kan ń rín in.

"Èmi ò ní rín," ni Leander Hynes wí,
ó di apá àga mú bí ẹni di àjẹ̀ mú.

Dókítà Bertha Tizzard wọlé. Mo yí gáàsì sílẹ̀ díẹ̀,
mo tún yí i díẹ̀.
Èjìká bàbá mi sọ̀ kalẹ̀.
Mi ò rí i kó sọ̀ bẹ́ẹ̀ rí
láti ọdún tí ìjọba ti fòfin de ẹja kọ́ọ̀dù.
Bí abẹ́rẹ́ ti ń wọra, dókítà ní kó máa ka nǹkan kan lọ́kàn.
Ó ń ka ìgèrè edé ńlá. Ó ń kà á síta.
"Kejìdínlógójì, tèmi. Kọkàndínlógójì, tèmi.
Ogójì, tèmi.
Kọkànlélógójì..."
Ó dákẹ́.
"Ìyẹn kì í ṣe tèmi. Ti Tizzard ni.
Òru ni mo gé okùn rẹ̀. Mo fi ọ̀dà pupa bo ìyeyè rẹ̀."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́;
ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà rèé, ó là sílẹ̀ gbayawu,
ọmọ olóhun ló sì mú ẹ̀mú dání.
Bertha wo ẹ̀mú. Ó wo ẹnu.
"Bàbá mi wá ìgèrè yẹn títí ó fi kú," ló wí,
ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì,
tèmi náà mì, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.
Ẹni tó fa afẹ́fẹ́ ẹ̀rín símú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Eyín náà jáde. "Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni?" ló bi wá.

Mo fún un ní ọ́síjìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú rẹ̀ là.
Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí ọkọ̀.
"Kí ni mo sọ nínú ilé yẹn?"
"Ẹ ka nǹkan."
"Oorun ló gbé mi lọ," ló wí, ó sì wo òkun.

Nígbà tí mo débi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì,
ìgèrè kan wà lẹ́nu ọ̀nà dókítà.
Ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà pupa kúrò,
ìyeyè ń yọjú lábẹ́ rẹ̀,
edé ńlá méjì wà nínú rẹ̀, rọ́bà lọ́wọ́ wọn.

Ṣebí mo ti sọ fún un. Kì í ṣe oorun.