Gbèsè Àfòmọ́

Ìwé ìsìnkú ni mò ń tẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé,
màmá àgbà kan tó ń rẹ́rìn-ín lórí àwọ̀ búlúù.
Ó na bébà kan sí mi, ó ti rún mọ́ ọn lọ́wọ́:
"Ẹ bá mi tẹ èyí. Ọ̀ọ́dúnrún péré."

Ìbídàpọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ó fi okùn ọ̀rá
pọn gìtá sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ,
bàtà sójà lẹ́sẹ̀ nínú ẹrẹ̀ Ṣómólú.
Mo ní, ìjọ wo ni? Ó ní kì í ṣe ìjọ.
Mo ní, ta ló kú? Ó ní kò tíì sẹ́ni tó kú, bàbá,
rẹ́kọ́ọ̀dù ni mo fẹ́ gbé jáde.
Ta lọ̀gá ẹ? Ó fìka kan àyà ara rẹ̀.
Ọ́fíìsì ńkọ́? Ó ní abẹ́ ibùsùn òun ni,
ní yàrá kan tó háyà ní Pẹ́dírò.
Àfòmọ́ ló sọ ilé iṣẹ́ náà,
torí àfòmọ́ ò ní gbòǹgbò,
gbogbo igi ló ń bá tan.

Ó ní pọ́ńkì lòun ń kọ, òun a sì máa po síkà mọ́ ọn.
Mo ní, ta ló wá ṣìkà fún?
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé bébà mi.

Gìtá rẹ̀ kì í bọ́ síbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀.
Àárín ẹsẹ̀ méjì ló ń já sí,
bí ẹni tó ń fo gọ́tà lẹ́yìn òjò.
Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ tí a tẹ páálí, àwọ̀ pupa yẹ̀,
ìwọ̀n èékánná péré,
ojú tó wà nínú àwòrán wá di méjì.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, mò ń ka bébà tó ṣòfò.
Ó ní, ẹ fi sílẹ̀. Bó ṣe ń dún gan-an nìyẹn.

Àwọn ará rédíò ní kó mówó wá kí wọ́n tó gbọ́.
Onísọ́ọ̀bù kan ní Sùúrùlérè dá ogún padà,
ó ní kò sẹ́ni tó ń béèrè ariwo.
Ó ń fẹsẹ̀ tà wọ́n, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan,
ó ń fi bírò kọ nọ́ńbà sẹ́yìn wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ó gbé fóònù tójú rẹ̀ fọ́ wá,
ó ní kí n ṣáà máa báṣẹ́ lọ.
Ẹ̀rọ mi ń gbé bébà, ó ń jù ú sílẹ̀,
òun dúró tì í, kò mí.
Iná lọ. Nínú òkùnkùn
mo gbọ́ tó ń fẹnu ṣe ohun tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀.

Ọdún yí po. Ọmọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lójúde wa
gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kejì síná. Orin kẹta:
ẹ̀rọ mi! Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ikọ́ ìyàwó mi.
Ọmọ náà yí páálí padà, ó kà á sí mi létí:
"Ẹ̀rọ: Bàbá Oyèéyẹmí, Ṣómólú."
Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún.
Atẹ̀wé kì í kàwé.

Ó ṣì jẹ mí ní ẹgbẹ̀rún méjìlá.
Mo kọ ọ́ sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbèsè ìjọ
àti ti olóṣèlú wọ́ọ̀dù wa.
Ti àwọn yẹn ni mo máa ń lọ béèrè.