Ẹnubodè Àgùntàn

Torgny kì í pè é ní iná. Agbo ló ń pè é.
"Agbo ti dé," á wí, bí abẹ́rẹ́ ojú aago bá mì,
á gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀, á nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà,
mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Gotland dé sí èbúté Västervik,
èébì òkun ṣì ń rùn lára kóòtù mi.

Mo bi í pé kí ló dé
tí iná ò lè sọdá òkun bó ṣe wà.
Ó ní, "Alfhild, iná yìí ò mọ ìjókòó.
Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀,
ìgbà àádọ́ta kí aago ògiri tó ró 'kọ́' lẹ́ẹ̀kan.
Lókè, lórí irin gogoro, kò burú.
A tì í gidigidi, a ò jẹ́ kó ṣàn púpọ̀,
torí bí ìṣàn bá di ìlọ́po méjì
ooru á jẹ wáyà ní ìlọ́po mẹ́rin.
Ṣùgbọ́n fi bébà olóróró wé wáyà yẹn,
fi òjé bò ó, rì í sísàlẹ̀ òkun:
ó di àmù gígùn nìyẹn.
Àlọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pọn àmù kún,
àbọ̀ kọ̀ọ̀kan á tún gbọ́n ọn gbẹ.
Omi pípọn ni iná á fi gbogbo ọjọ́ ṣe,
ìyá rẹ ní Gotland ò ní í rí ẹ̀kán kan mu."

Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé iṣẹ́, sí pápá àbúrò rẹ̀.
Ìlẹ̀kùn onígi kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣí síta.
Ajá gbó níwájú, àgùntàn sá sẹ́yìn;
ajá gbó lẹ́yìn, wọ́n ya síwájú.
Èyí tó bá fi orí ti ìlẹ̀kùn ti wọlé nìyẹn,
kò sí "mo gbàgbé nǹkan nílé."
"Àwọn tó sá padà ńkọ́?" "Wọ́n ní ìlẹ̀kùn tiwọn lọ́hùn-ún,
ó yí wọn po, ọgbà kan náà ni wọ́n já sí.
Wáyà mẹ́ta, ìlẹ̀kùn mẹ́fà.
Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọjà.
Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ òkun."

Nínú gbọ̀ngàn, ìlẹ̀kùn tiwa ò ní igi, kò ní ìdè:
fàdákà olómi nínú ìkòkò irin,
ìmọ́lẹ̀ aláró ń jó lórí rẹ̀ bí ohun tó ń bínú.
Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, ìlẹ̀kùn kẹrin gbàbọ̀dè.
Ó jẹ́ kí àgùntàn gba ẹ̀yìn jáde.
Ariwo kan, bí ìgbà tí yìnyín fọ́ lórí adágún,
abẹ́rẹ́ wó lulẹ̀.
Torgny ò sáré. Ó ti gbogbo rẹ̀ pa,
ó dúró kí ìkòkò tutù, ó ń ka nǹkan kan lábẹ́ eyín,
ó sì ṣí wọn padà, ọ̀kan, ọ̀kan.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Kọfí rẹ̀ ti di yìnyín.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà ìyá mi dé:
"Iná lọ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ ni mò ń hun,
mo pàdánù ojú òwú mẹ́ta, mo tú u títí dé gìgísẹ̀.
Ìgbà wo lò ń bọ̀?"
Mi ò sọ fún un pé èmi wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn.

Mo bi Torgny: "Wáyà kan péré ló lọ sí Gotland.
Ṣé iná yìí ò wá ní àbọ̀ rárá ni?"
Ó wò mí, ó wo lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ mi.
"Ó ní in. Omi iyọ̀ ló ń gbé e bọ̀,
láìní wáyà, láìní òpó.
Àwa ni a ò rí i."
Ó da kọfí tútù nù, ó lọ gbé omíràn kaná.