Ohun tí Ìlà Kò Mọ̀

Wọ́n pè wá sí Kàbà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko,
tíṣà mọ́kànlélógún nínú gbọ̀ngàn
tí fáànù rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Obìnrin tó wá láti Lọ́kọ́ja kò sọ àsọtẹ́lẹ̀.
Ó ní: "Ẹ má bi mí pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀.
Ẹ bi ara yín pé kí ló lè ṣẹlẹ̀,
kí lẹ fẹ́, kí lẹ kò fẹ́,
èwo nínú rẹ̀ lẹ sì ti ń fọwọ́ ara yín ṣe láìmọ̀."
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo jẹ ìrẹsì wọn. Mo wọkọ̀ wálé.

Ní Ìyàrá, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù hẹdimásítà,
mo kó ìwé orúkọ kíláàsì kárùn-ún jáde. Ikán ti jẹ etí wọn.
Ọdún tí èmi fúnra mi jókòó síbẹ̀, ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Olúmorọ̀tì, Morẹ́nikẹ́: ẹni kejìdínlógójì,
wọ́n fi yíǹkì pupa kọ "kò tíì sanwó" síwájú rẹ̀.
Ọdún tí ìyá mi kú, mọ́kànlélógójì.
Ọdún tí ẹ̀rù ọ̀nà bẹ̀rẹ̀, mẹ́tàlélógún.
Ọdún yìí, mẹ́rìnlá.

Mo mú rúlà. Mo fà á.
Ìlà náà kò yà, kò sinmi,
ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ru igi ìdáná bọ̀ láti orí àpáta,
ó sì kan òdo ní ọdún méjìlá sí i.

Òdo.
Ewúrẹ́ á sùn lórí tábìlì mi.
Réèmù ọkọ̀ tí a fi ń ṣe agogo á máa fì lára igi máńgòrò,
atẹ́gùn nìkan ni yóò máa lù ú.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé ìlà náà sára pátákó.
Mo ní, "Ta ló lè sọ ohun tí ìlà yìí kò mọ̀?"
Wọ́n dákẹ́. Ìbídùn ń yọ ẹ̀gún ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.
Òun ló sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè:
"Tíṣà, kò mọ Onímísì."

Òótọ́ ni. Táàmù tó kọjá ló dé, orúkọ rẹ̀ kò tíì wọ̀wé.
Bàbá rẹ̀ ń kọ ebè lórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wa fi sílẹ̀ lọ Àbújá.
Èdè Ẹ̀bìrà ni wọ́n ń sọ nílé,
ṣùgbọ́n "Okun o" ló fi ń kí mi láràárọ̀.
Ọmọ tí mo bí, tó wà ní Gwagwaládà,
"Hẹlóò, Mọ́mì" ló ń kí mi lórí fóònù.
Ìlà mi mọ ẹni tó lọ. Kò mọ ẹni tó ń bọ̀.

Mo pín pépà. Mo ní kí wọ́n ya Ìyàrá
ní ọdún tí wọn yóò dàgbà tó mi.
Ẹnì kan ya ilé-ìwòsàn, dókítà inú rẹ̀ ga ju òrùlé lọ.
Ẹnì kan ya igbó. Igbó nìkan.
Ó kùn ún dúdú, kò ṣàlàyé, mi ò sì bi í.
Ìbídùn ya kọfí bàbá àgbà rẹ̀ tó tún ń so,
ó ya ara rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ká apá gbera,
ó ń kọ iye tí òǹrajà kọ́kọ́ dá.
Onímísì na ọwọ́:
"Ṣé mo lè ya méjì?"
Mo ní kó ya méjì. Ó tún padà wá gba ẹ̀kẹta.

Mi ò pa ìlà náà rẹ́.
A lẹ àwòrán yí i ká, tòun tigbó dúdú yẹn,
kí ojú wa lè máa rí ohun tí a ń sá fún.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, mo gba ọ̀nà oko bàbá Onímísì.
Wọ́n ní àbúrò rẹ̀ méjì wà nílé tí kò lọ síléèwé.
Ìwé orúkọ kíláàsì kìíní wà lábíyá mi.
Mo ti dán báírò náà wò lórí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ń kọ.